Oil Imperium: Eré Ọlọ́rọ̀ Epo Tí Kò Sí Ará Ìlú Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ ní Peckham láti nǹkan bí ọdún 1990 kò níí ṣàì rántí àwọn kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, èyí tí à ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n inú pálọ̀, tí ìròyìn alẹ́ yóò fi kọjá lọ láìjẹ́ pé bàbá ilé rí i wò. Commodore 64 wà nínú wọn, Atari ST wà níbẹ̀, Amiga sì ni ọ̀gá gbogbo wọn lójú àwọn ọmọ. Amiga tiwa kì í ṣe tuntun. Ọwọ́ ẹnìkan tó ń kó kúrò ní North Peckham Estate ni a ti rà á, kí wọ́n tó wó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ibẹ̀, páálí bàtà kan tó kún fún díìsìkì ló sì fi ṣe èènì fún wa. Àwọn ọmọ ń wá eré bọ́ọ̀lù nínú páálí náà. Àwa ní tiwa rí díìsìkì kan tí wọ́n kọ "Oil" sí lára, ojú wa kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ Nàìjíríà wo ni yóò rí ọ̀rọ̀ epo tí kò níí bojú wò ó lẹ́ẹ̀mejì?

Orúkọ eré náà ni Oil Imperium. Ilé-iṣẹ́ reLINE Software ti ilẹ̀ Jámánì ló ṣe é, ọdún 1989 ló jáde. Nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà, Black Gold ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí a tún gbé e sórí kọ̀ǹpútà òde òní, nítorí àwọn ètò kan wà báyìí tó lè mú kí kọ̀ǹpútà tuntun máa ṣe bí Amiga àtijọ́, a sì tún ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó ti rí lójú wa nísinsìnyí ni a fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé èrò wa nípa rẹ̀ kò rí bíi ti ìgbà náà mọ́.

Bí wọ́n ti ń ta á nìyí. Ènìyàn kan títí dé mẹ́rin lè jókòó sí i. Bí ènìyàn kò bá pé, kọ̀ǹpútà yóò gba ipò èyí tó kù. Olúkúlùkù jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ epo tirẹ̀, ó ní ọ́fíìsì, ó ní owó ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ óò ra ilẹ̀ tí epo wà ní agbègbè kan tàbí òmíràn láyé, ẹ óò gbẹ́ kànga, ẹ óò kọ́ ibi tí ẹ óò máa tọ́jú epo sí, ẹ óò sì wá ẹni tí yóò rà á. Ẹ lè bá oníbàárà ṣe àdéhùn sílẹ̀, ẹ sì lè gbé epo yín lọ sọ́jà kí ẹ tà á ní iye tó bá wà lóde lóṣù náà. Láàárín ìṣirò yìí ni àwọn eré kéékèèké wà: ẹ óò máa tọ́ irin tó ń gbẹ́lẹ̀ sọ́nà kí ó má baà wọ́, ẹ óò máa to páìpù mọ́ra kí epo lè rìn, bí kànga bá sì gbiná, ẹ óò gbé bọ́ǹbù lọ síbẹ̀ láti fi pa iná náà. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè háyà àwọn tó mọṣẹ́ kí wọ́n bá a ṣe é. Ẹni tí kò ní, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ò sì níí purọ́, àwa náà fẹ́ràn rẹ̀. Eré náà gba ọ̀gá láyè láti san owó abẹ́lẹ̀ fún àwọn tí yóò lọ ba nǹkan ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, tàbí tí yóò lọ yọ́ wo àṣírí rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò díbọ́n pé ẹni mímọ́ ni oníṣòwò epo. Nínú ilé wa, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì bí kànga ẹnìkan bá ti jóná lálẹ́, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé iná náà kì í ṣe iná Ọlọ́run.

Ká sọ tòótọ́, eré tó dára ni. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara fún ayé ìgbà náà, ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò le jù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò. Ẹ̀bi tí a rí níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré kò pọ̀. Ìgbẹ́ kànga a máa dùn nígbà àkọ́kọ́, ní ìgbà kẹwàá ó ti di iṣẹ́ òpò. Páìpù títò sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí a ó fi máa háyà ènìyàn kìkì pé kí ojú wa lè sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi eré nìyẹn, kì í ṣe ohun tó mú wa kọ èyí.

Ibi tí Oil Imperium ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ iye owó epo. Iye náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè ti kún gbogbo ibi ìpamọ́ yín dẹ́nu, kí ẹ máa retí oṣù tó ń bọ̀, kí oṣù náà dé kí iye owó já lulẹ̀ bí ìgbà tí okùn bá já lọ́wọ́ afami. Ọmọ wa àgbà sunkún lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kò sí ohun tí òun ṣe tí kò tọ́: òun gbẹ́ kànga, òun kó epo jọ, òun kò náwó nínàákúnàá, ẹ wá wo bí òun ti di onígbèsè. A rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni àwa àti ìyá rẹ̀ wo ara wa lójú, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí ó ti jẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àgbá epo rọ̀bì kan ń lọ ju ọgbọ̀n dọ́là lọ. Ní ọdún 1986 ó já, títí ó fi sún mọ́ dọ́là mẹ́wàá láwọn oṣù kan. Epo yìí ni ìjọba Nàìjíríà gbọ́kàn lé fún èyí tó pọ̀ jù nínú owó òkèèrè tó ń wọlé fún un. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní ọdún 1985 di ohun tó lé ní náírà mẹ́rin nígbà tí wọ́n ṣí ọjà pàṣípààrọ̀ owó tí wọ́n ń pè ní SFEM ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1986. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí láti Ìbàdàn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Owó tó ń san ọdún kan tẹ́lẹ̀ kò san oṣù mẹ́ta mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó sọ fún àwọn ará ilé pé ọdún mẹ́ta péré ni a óò lò bẹ̀rẹ̀ sí gbá ọ́fíìsì lóru ní àárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn tó wà nílé, tí iṣẹ́ wọn kò tún bọ́ wọn mọ́, ta mọ́tò wọn, wọ́n sì wá bá wa. Kì í ṣe gbogbo wa ni epo gbé dé Rye Lane. Àwọn kan ti wà níhìn-ín kí wọ́n tó gbẹ́ kànga Oloibiri ní ọdún 1956. Síbẹ̀ ẹ bi ara yín, lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó ń bọ̀, mélòó nínú wa ló dé láàárín ọdún 1984 sí 1994, kí ẹ sì wo ọwọ́ tí yóò nà sókè.

Nítorí náà nígbà tí iye owó epo bá já nínú eré yìí, àwa mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n kò fi hàn. Ọ̀gá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó pàdánù owó, ó ní sùúrù, ó tún rí i padà. Àwọn tí iye owó náà gbé kúrò ní ilé wọn, tí ó sọ olùkọ́ di agbálẹ̀, kò sí wọn lórí àwòrán ilẹ̀ ayé rẹ̀. Àwa ni wọ́n. A jókòó sórí àga pálọ̀, à ń ta ayò ẹni tó ta wá nù.

Bí a bá ní kí a máa bá eré ṣe ẹjọ́ nítorí èyí, ẹnìkan yóò sọ pé a ti ń le jù. Eré ni eré ń jẹ́. Òótọ́ ni. Àwa náà kò bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kò bá ṣe bàbá kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Peckham ní ìgbà òtútù ọdún 1993, tó sì wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Nígbà tí a ń gbọ́únjẹ, bàbá jókòó ti àwọn ọmọ. Kànga kan gbiná lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé bọ́ǹbù síbẹ̀, iná kú, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá wò wọ́n títí.

"Kí ni ẹ̀yin wọ̀nyí ń wà?"

Ọmọbìnrin wa dáhùn pé, "Epo rọ̀bì ni, Bàbá. Àwa la ni ilẹ̀ yẹn."

"Ta ló tà á fún yín?"

Ọmọ náà wò wá lójú, ó ní, "Kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

"Àwọn ará ibẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, Bàbá. Aṣálẹ̀ ni."

Bàbá mi orí, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń wí." Ó sì dìde lọ fọwọ́.

Ní orí oúnjẹ ni ó ti sọ ti Awóyè fún wa, ìlú àwọn Ìlàjẹ létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí òkun ṣe ń gbé e lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ilé tí wọ́n bí ènìyàn sí yóò ti di ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀nà omi tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ ló jẹ́ kí omi iyọ̀ ráàyè wọlé, tí ó pa ẹja odò, tí ó ba omi mímu jẹ́. Bàbá kò gbóhùn sókè. Ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó gbàdúrà fún wa, ó padà sílé ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a kò ti lè ra ilẹ̀ nínú eré yẹn láìgbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú Oil Imperium, ẹni tó ń ta ilẹ̀ kò ní ojú, kò ní orúkọ, kò ní ìdílé. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà rí yóò rẹ́rìn-ín. Olórí ẹbí dà? Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀ dà, tí wọ́n tún ń padà wá gba ti òrùlé? Bí a bá ní kí Yorùbá ṣe eré yìí, ìdajì owó ọ̀gá ìbá ti tán kí irin ìgbẹ́lẹ̀ tó kan ilẹ̀. Àwàdà nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Nígbà tí a rò ó síwájú sí i, a rí i pé eré àwọn ará Jámánì yìí, láìmọ̀ọ́mọ̀, sọ òótọ́ nípa òfin Nàìjíríà ju bí a ti rò lọ. Òfin epo rọ̀bì ti ọdún 1969 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo epo tó wà nínú ilẹ̀; òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá ń wá epo, ìjọba ni yóò bá sọ̀rọ̀. Lórí ìwé, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tó di ọdún 2021 ni òfin epo tuntun tó pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún sápò kan fún àwọn ìlú tó gbà á lálejò.

A kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Niger Delta nìkan ni. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irin wá epo ní Nàìjíríà: ní ọdún 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè Araròmí, lẹ́bàá Òkìtìpupa, kí ogun àgbáyé ọdún 1914 tó dá wọn dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti inú òkun dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí bàbá jẹ iyán nílé wa, àwọn Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ ọkọ̀ lọ sí Parabe, ibi ìwapo Chevron lójú òkun, wọ́n ní àwọn fẹ́ iṣẹ́, àwọn sì fẹ́ owó ìtanràn fún omi àti ilẹ̀ àwọn tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28, àwọn sójà àti ọlọ́pàá fi hẹlikópítà tí ilé-iṣẹ́ náà háyà dé ibẹ̀, wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní wọ́n ti fi àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe ìgbèkùn. Àwọn Ìlàjẹ ní àwọn kò mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ẹjọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Bowoto sí Chevron, dé ilé-ẹjọ́ San Francisco ní Amẹ́ríkà, àwọn tó jókòó gbọ́ ọ sì dá Chevron láre ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2008.

A kò mú un wá láti tún ẹjọ́ dá. Ohun tí a ń wò ni pé nínú Oil Imperium, ẹni tó bá fọwọ́ kan kànga yín, aṣebi tí ọ̀gá mìíràn rán ni. Eré náà kò mọ irú ènìyàn mìíràn. Bí ará Parabe bá yọ sínú rẹ̀, kò sí orúkọ tí yóò fún un ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún kù. Pípa iná jẹ́ ohun tó fa àwọn ọmọ mọ́ra jù, ó sì bá ìgbà rẹ̀ mu. Ní oṣù Keje ọdún 1988, ọdún kan kí eré náà tó jáde, Piper Alpha jóná ní òkun Scotland, ènìyàn 167 sì bá a lọ; Red Adair, ará Texas tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa iná kànga epo, wà lára àwọn tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ní ọdún 1991 kànga tó lé ní ẹgbẹ̀ta ń jó ní Kuwait, oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó pa èyí tó kẹ́yìn. Gbogbo ayé rò pé ọ̀rọ̀ iná epo kò ju ọ̀rọ̀ akọni àti bọ́ǹbù lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, kànga Ororo-1 bú gbàmù lójú òkun Awóyè gan-an, ìlú bàbá yẹn, ó sì gbiná. Ní ọdún 2023, àwọn oníròyìn ṣì ń ya àwòrán iná náà, àwọn apẹja ṣì ń rí i láti etíkun lálẹ́. Lórí Amiga wa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọmọ tó bá kùnà yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ ọ̀jẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà sọ fún wa pé àwọn eré mìíràn wà tí a kò bá fi wé e. A gbọ́ràn. Chevron fúnra rẹ̀ ti ní kí àwọn Maxis, àwọn tó ṣe SimCity, ṣe ọ̀kan fún òun nípa ibi ìfọpo rẹ̀ ní Richmond, California, ní nǹkan bí ọdún 1992. SimRefinery ni orúkọ rẹ̀, wọn kò tà á fún aráyé, ọdún 2020 ni ẹ̀dà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta. Ohun ìkọ́ni ni, ó fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ bí ẹ̀yà kan ti ń ran èkejì lọ́wọ́ nínú ibi ìfọpo, ó dúró síbẹ̀.

Èyí tó yẹ ká bá jìjàkadì ni Oiligarchy, tí ará Ítálì kan, Paolo Pedercini, tó ń lo orúkọ Molleindustria, gbé jáde ní ọdún 2008. Ó mọ Nàìjíríà. Texas wà níbẹ̀, Alaska, Venezuela, Ìráàkì, àti àwa. Ènìyàn wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn, ọ̀gá sì lè fowó ra ìjọba kí ìjọba bá a pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó fẹ́ kí ojú ti ẹni tó ń ta á, ojú sì tì wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà mélòó kan a bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun kan tí kò dùn mọ́ wa nínú. Àwọn ènìyàn náà kò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n, wọ́n kéré bí èèrà, iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n sì mọ̀: kí a ṣàánú wọn, tàbí kí a bẹ̀rù wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò jókòó ti ọmọ kan kí ó bi í pé ta ló tà á fún yín. Oil Imperium gbàgbé wa. Oiligarchy rántí wa ṣùgbọ́n kò bi wá léèrè orúkọ. Bí ẹ bá ní kí a yàn, a ó mú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, ti àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí eré. Àwọn ọmọ kò pẹ́ sú Oiligarchy, nítorí wọ́n tètè mọ ohun tí ó fẹ́ kí wọ́n wí.

Sokari Douglas Camp, ọmọ Buguma tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ju méjèèjì lọ láìlo kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì onírin kan ni ó ṣe ní ọdún 2006 ní ìrántí Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ tí wọ́n so rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ó to àgbá epo sórí rẹ̀, ó sì kọ orúkọ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí i lára. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Nàìjíríà ní ọdún 2015, àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté Èkó. Ẹ wo bí ó ti ká wọn lára tó.

Nínú Oil Imperium, ẹ lè yàn ohun tí ẹ óò fi mọ ẹni tó borí, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí gbogbo àwọn tó kù di onígbèsè. Nínú ayò ọlọ́pọ́n tiwa, ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé ẹni tí a jọ ń ta bá gbẹ, tí a sì ní ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí a ta á sí i, ẹni tó bá kọ̀ ni òpè, ojú yóò sì ti àwọn tó ń wòran fún un. Ọ̀ta ayò pàápàá gbọ́dọ̀ bọ́ ẹni tí ó ń pa. Àwọn baba wa kò ṣe é nítorí àánú. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá ní nǹkan kan mọ́ kò lè bá ni ta ayò mọ́.

Ìyẹn ni a mú wọ inú eré náà nígbà tí a tún gbé e jáde fún ọmọ ọmọbìnrin wa, ẹni tó dá bàbá Ìlàjẹ lóhùn lọ́jọ́sí. A ṣe òfin méjì tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Èkíní, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ìlú kan tó wà níbẹ̀ sínú ìwé, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Èkejì, nínú gbogbo owó epo tó bá tà láti ilẹ̀ náà, yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ nínú ìwé fún ìlú náà, kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan án bí iye owó tilẹ̀ já. Títí di àkókò yìí, kò sí ẹni tó tíì borí nílé wa. Ọmọ náà ní a ti ba eré dáadáa jẹ́, ìyá rẹ̀ sì gbè é lẹ́yìn.

Síbẹ̀ ó ń ta á. A wo ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá nígbà tí ó ti sùn. Ilẹ̀ mẹ́fà ni ó ti rà káàkiri ayé, Awóyè ni ó sì kọ síwájú gbogbo wọn, nítorí òun nìkan ni ìlú elépo tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Síwájú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó kọ pé wọ́n ń pẹja.